Ìjókòó Awakọ̀ Kì í Ṣe Ojú Ìjà

Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìbọn gba ọkọ̀, ìbéèrè kan náà ni ó sì máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́: “Ọ̀gá, báwo ni mo ṣe lè já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi?” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹni mẹ́ta ni ó bi mí, ọ̀kan nínú wọn sì ti sanwó fún ẹnì kan tó ṣèlérí pé ọ̀sán méjì péré ni òun yóò fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, òun ni mo ṣe mú kálámù.

Kí ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kí ẹ gbé gíláàsì sókè, kí ẹ má tẹ fóònù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró: ẹ ti mọ gbogbo èyí, n kò ní í fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe ni pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn. Ẹ jókòó bó ti yẹ, ẹ wo ọ̀ọ́kán kọjá bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Bí ẹ kò bá rí ibi tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ti fara kan ilẹ̀, tí ẹ kò sì rí ọ̀dà títì díẹ̀ kún un, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ọkọ̀ kì í fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Bí ẹ tilẹ̀ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, ó di dandan kí ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ síwájú díẹ̀ kí imú rẹ̀ tó yọ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ iwájú. Ẹni tí kò bá fi àyè náà sílẹ̀ yóò ní láti fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, yóò dúró, yóò pààrọ̀ jíà, yóò tún yí ọwọ́ ọkọ̀, ẹni tó ń bọ̀ wá bá a kò sì nílò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ga, bọ́nẹ́ẹ̀tì yín ń bo títì púpọ̀, nítorí náà táyà tí ẹ rí yẹn jìnnà sí yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kúrú nílẹ̀ ni kí ẹ fi díẹ̀ kún un. Kí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sì dúró gbọọrọ títí tí ẹ ó fi fẹ́ lọ, nítorí pé bí ẹnì kan bá kọlù yín láti ẹ̀yìn nígbà tí ẹ ti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ọ̀nà ẹlòmíràn ni yóò tì yín sí.

Mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí àyè yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ohun ìjà tí mo fọkàn tán. Àkókò tó sì wúlò ni ìgbà tí ẹ bá tètè rí àwọn olè náà. Ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lemọ́lemọ́. Bí ẹni méjì bá ń rìn bọ̀ pọ̀ láti ẹ̀yìn, tí wọ́n wá pín yà lójijì, tí ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí èkejì gba òsì, ẹ má dúró kí ẹ rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ tẹná, kí ẹ jáde lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ìbọn bá ti dé ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ọkọ̀ náà kì í ṣe tiyín mọ́. Bẹ́líìtì ti dè yín ní àyà àti ìbàdí, ọwọ́ ọkọ̀ wà lókè itan yín, ẹsẹ̀ yín kò sì fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Láti rí nǹkan, kí ọpọlọ mọ ohun tó jẹ́, kí ọwọ́ tó gbéra, lè gba ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ tí ẹ̀rù bá. Ìka tó ti wà lórí ohun ìyìnbọn kò nílò ìdajì rẹ̀.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ kò ní í sọ èyí fún yín. Orí ìdúró, nínú gbọ̀ngàn tó mọ́lẹ̀, ni wọ́n ti ń fi ìbọn onírọ́bà ṣàfihàn, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ wọn tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ta afẹ́fẹ́ ata pé kí ẹ fín in láti inú ọkọ̀, bí ẹni pé ata yóò mọ ojú olówó rẹ̀ yàtọ̀ nínú àyè tóóró bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1998, Charl Fourie ní Gúúsù Áfíríkà tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń tu iná jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú bí awakọ̀ bá ti tàn án, tí àgbá gáàsì rẹ̀ sì wà ní búùtù. Iná kò ní kí ìka má fa ìbọn, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn tó ń gba ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́. Iṣẹ́ ni mo kọ́ kí n tó máa kọ́ni, kò sì sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn òǹtàjà wọ̀nyí kò ní í bí mi nínú.

Ohun tí mo ń kọ́ni ni bí a ṣe ń jáde. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ẹni tó mú ìbọn rí i. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é: “Mo fẹ́ tú bẹ́líìtì.” Ẹ má fi ọwọ́ tó sún mọ́ ibi ìdè rẹ̀ tú u, nítorí pé bí ọwọ́ yẹn bá lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, lójú rẹ̀ ìbọn ni ẹ fẹ́ fà yọ. Ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ nà kọjá iwájú ikùn, kí ó máa wò ó. Kí jíà wà ní ìdúró, kí ọkọ̀ má baà fi táyà gun ẹsẹ̀ yín. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, kí ẹ pariwo rẹ̀: “Ọmọ mi wà lẹ́yìn, mo fẹ́ gbé e.”

Ọkùnrin tó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ọ̀sán méjì yẹn wá bá mi ní ọjọ́ kẹta, pé kí n kàn bá òun fi díẹ̀ kún ohun tí òun ti mọ̀. Mo gbé e jókòó sínú ọkọ̀ ìkọ́ni, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo sì fún ọmọ iṣẹ́ mi ní ìbọn tó ń ta ọ̀dà pupa. Ọkùnrin náà bọ́ ìjókòó ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀yìn tiwa bí mo ṣe ní kí ó ṣe, kò bi mí ní ìdí. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ó gbìyànjú láti já ìbọn náà gbà. Ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀wù funfun tó wọ̀ ni ó gba ọ̀dà, ní àyà àti ní ọrùn. Ní ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ẹnu ìbọn lóòótọ́, ó tì í kúrò lára rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn títí ó fi bojú wẹ̀yìn. Ọ̀dà ń kán láti orí ìjókòó ọmọ náà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ wo lẹ ní kí n fi tú bẹ́líìtì?” A ń tú u, a ń dè é, títí ilẹ̀ fi ṣú.