Wọ́n ní OS ọ̀fẹ́ kò wúlò: owó ta ló wá pa ọbẹ̀ náà?

Mo gbé lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe bá mi fi Linux sí i, ìyẹn OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kan tí a kì í sanwó fún. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ máa ṣe hákà ni?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó jókòó síbẹ̀, tó ń dúró de fóònù rẹ̀, fi òwe tì í lẹ́yìn: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó ní ohun tí wọ́n bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti níbi tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó fi tọrẹ.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀yẹ́, ohùn kan náà ni: Windows ni kọ̀ǹpútà, ohun tó bá kù, ti aláìrówó ni, tàbí ti àwọn ọmọ Yahoo. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ń mójú tó o, pé ẹni tó bá sì ń fi àkókò tàbí owó tì í lẹ́yìn, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń bu omi sí. Òwe ìyá yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá lọ, nítorí òótọ́ ni òwe náà. Ibi tó fi í tọ́ka sí ni kò tọ́.

OS ló dúró láàárín ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, òun ló gbé e dé ojú ìwé. Ẹ ní kó tẹ̀wé, òun ló ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, macOS ti Apple náà jẹ́ ọ̀kan. Linux, FreeBSD àti Haiku wà nínú wọn pẹ̀lú, àmọ́ ti àwọn mẹ́ta yìí, kóòdù wọn (àṣẹ tí wọ́n fi kọ wọ́n) wà ní gbangba: ẹni tó bá wù lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún aládùúgbò láìtọrọ àyè.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sọ́dọ̀ ìyá tó jókòó. Android ni fóònù tó ń retí. Linux ló wà ní ìpìlẹ̀ Android. Ìyẹn ni pé ìyá ń fi Linux pe ọmọ rẹ̀, ó ń fi Linux gba owó sí báńkì, ó sì ń fi ẹnu bú Linux. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé, àwọn tó wà nínú àkójọ TOP500, ti ń lo Linux, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Mi ò rò pé ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti àwọn tó ń ṣèwádìí oògùn ń lò lè jẹ́ ọbẹ̀ tó ti kan.

Ó kù ká béèrè lọ́wọ́ àwa fúnra wa: Windows tí a ń lò yìí, ta ló sanwó rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, owó fọ́máàtì nìkan la ń san. Ọ̀gá á ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, á fi Windows sí i, á fi krákì, ètò tó ń já àgádágodo sọ́fítíwíà tí a kò sanwó fún, ṣí i, ó parí. Microsoft kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ ohun ọ̀fẹ́, òun náà ọ̀fẹ́ ló ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni tirẹ̀ kò mọ̀.

Ohun tí krákì ń gbà lọ́wọ́ wa kì í ṣe owó. Kí ó tó ṣiṣẹ́, yóò ní kí ẹ pa ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́ ná: àlejò kan dé, ó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀, kí ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì lọ sùn. Àbúrò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, gbogbo fáìlì rẹ̀ ti ní orúkọ àjèjì nídìí, kò sí èyí tó ṣí, ìwé kan sì wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ ní dọ́là. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú irú fáírọ́ọ̀sì ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ ni STOP, tí wọ́n tún ń pè ní Djvu, inú krákì ló sì máa ń sá pamọ́ sí wọlé. Orí kejì àti ìkẹta iṣẹ́ àbúrò mi lọ báyẹn. Ẹ̀dà orí kìíní tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló ṣẹ́kù.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń pa àpdéètì kí krákì má baà bàjẹ́. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún 2017, Microsoft ti gbé àpdéètì tó jẹ́ oògùn rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta; àwọn tí kò lò ó ni ó bá.

Báwo wá ni OS tí ẹnikẹ́ni kò tà ṣe ń rí òṣìṣẹ́? Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti dáko ní Èkìtì kò yẹ kó béèrè. Tí igbó tí bàbá fẹ́ ṣán bá ju apá rẹ̀ lọ, ó máa ń bẹ ọ̀wẹ̀: àna àti ọ̀rẹ́ á gbé ọkọ́ wá, iyán àti ẹmu á wà nílẹ̀. Àáró ni ti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kò sẹ́ni tó ń gbowó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ebè tí wọ́n kọ ní ebè yẹpẹrẹ.

Bí Linux ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní Finland, kéde pé òun ń kọ OS kan fún ìgbádùn lásán, ó sì ní kí àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú rẹ̀. Àwọn àjèjì gbé ọkọ́ dé. Ọ̀gbẹ́ni Richard Stallman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti pe irú ọ̀wẹ̀ yìí ní Amẹ́ríkà láti 1983, òun ló sì kọ ìwé àṣẹ GPL tó jáde ní 1989. Òfin àáró ni GPL ní ti gidi: mú un, yí i padà, tà á pàápàá tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n tó o bá gbé èyí tó o yí padà fún ẹlòmíràn, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí kóòdù rẹ̀. Ìwé àṣẹ FreeBSD kò le tó bẹ́ẹ̀; Sony mú FreeBSD, wọ́n fi kọ́ OS ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ orí Linux, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ní Intel, Google, Red Hat àti irú wọn ló ń ṣe é. Owó ló pa ọbẹ̀ náà, ìyá. Kì í ṣe owó tiwa ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni owó dé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtìlẹ́yìn ti wá jẹ́ ọ̀ràn. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Linux tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, Lasse Collin, ará Finland, ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti sọ ní gbangba pé iṣẹ́ àfipawọ́ tí wọn kì í sanwó fún òun ni. Àwọn kan ń fi orúkọ tí kò hàn gbangba da ọ̀rọ̀ bò ó pé ó lọ́ra. Ní àkókò yẹn náà, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ń bá a ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti 2021, títí ó fi di ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó gbé ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí ì bá jẹ́ kó lè wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé bó ṣe wù ú.

Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft (bẹ́ẹ̀ ni, Microsoft), ló rí i. Ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹlòmíràn á ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe báyẹn. Òun tú u wò, nítorí kóòdù wà níbẹ̀ fún un láti tú, ó sì pariwo síta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ń sọ pé gbangba ni olè ti ń ráyè, gbangba náà ni a ti mú olè yìí. Àárẹ̀ ẹnì kan tó dá nìkan ru ẹrù gbogbo ayé ni olè bá wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fojú pa àwọn OS kékeré rẹ́. Andrew Tanenbaum kọ OS kékeré kan, MINIX, ní 1987 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Amsterdam. MINIX ni Torvalds ń lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Linux. Ní 2017, ó di mímọ̀ pé Intel ti fi MINIX sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láìsọ fún Tanenbaum, tó fi jẹ́ pé lápútọ́ọ̀pù tí Windows wà lórí rẹ̀ lè ní MINIX nísàlẹ̀, níbi tí olówó rẹ̀ kò lè dé.

Ẹ wá wo èdè wa. Nínú Linux, kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà wà tó ní ti Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Àwa Èkìtì ń pe ilé ní ulé, a ń pe iṣu ní uṣu, bẹ́ẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀ tó ń fi u bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wo ló fẹ́ jókòó ṣírò èrè tó wà nínú u ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì kan tó mọ ohun tó ń ṣe lè ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Èkìtì sínú LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, lọ́la, kí pupa má máa fà sábẹ́ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ, kò sì níláti bẹ ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kí gbogbo yín sá lọ fọ́máàtì. Tí ẹ bá ń fi CorelDRAW ṣe bánà òkú àti ìgbéyàwó, ẹ fi Windows yín sílẹ̀, torí CorelDRAW kò ní ti Linux. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà pẹ̀lú tí yóò ṣe agídí. Ṣùgbọ́n Microsoft ti dẹ́kun àpdéètì ọ̀fẹ́ gbogbogbò fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó wà ní ọjà wa kò sì tó ohun tí Windows 11 ń béèrè. Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, á ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, àmọ́ 4GB ló máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fíláàṣì náà, ẹ lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó fọ́máàtì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tí kò bá lówó lè ròyìn àṣìṣe tó rí, tàbí kó túmọ̀ ojú ewé kan sí Yorùbá.

Ọmọkùnrin yẹn kọ̀ láti fi í sí i fún mi, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo ṣe é fúnra mi nílé, lórí lápútọ́ọ̀pù yẹn náà ni mo sì ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Bátìrì rẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ OS kankan.