Bí a ṣe ń yọ wọ́ọ̀lùpépà àtijọ́ kúrò lára ògiri

Gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀lùpépà gan-an ni ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ ń bá jà. Omi ló ń tú gọ́ọ̀mù yìí, ṣùgbọ́n rọ́bà ni ojú ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀lùpépà, omi kì í sì í wọ rọ́bà. Ẹni tó bá da omi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe wàhálà lásán ni.

Ẹ kọ́kọ́ pa búrékà yàrá náà, torí omi lè ṣàn wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣí igun kan lókè, kí ẹ rọra fa ojú rọ́bà náà wálẹ̀ ní gbígbẹ, kí ọwọ́ má jìnnà sí ògiri. Bí ẹ bá fà á síta, ó lè já síkírídìn tí wọ́n fi dán ògiri dání. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò kù lẹ́yìn. Bí rọ́bà náà bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ fi sáńpépà líle ha á kí omi lè ráyè wọlé.

Ẹ po ọṣẹ olómi ìfọbọ́ síbí 1 mọ́ omi gbígbóná lítà 4. Ẹ fi fóòmù rin ibi tó fẹ̀ tó mítà 1, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán. Bébà tó ti rin dénú máa ń sún bí a bá fi ìka tì í. Èyí tí kò tíì rin á máa ya wẹ́wẹ́. Ẹ fi síkírépà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ha nǹkan, ha bébà tó ti rin kúrò. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa, ẹ má nà án ró, kó má baà gbẹ́ ògiri. Bí omi bá ti ń ṣàn dé ilẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn: síkírídìn tó bá mu omi yó á rọ̀, á sì máa bá síkírépà wá.

Wọ́ọ̀lùpépà tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò omi. Atẹ́gùn gbígbóná láti inú ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ló ń rọ gọ́ọ̀mù tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí bébà bá tán, ẹ fi omi rin ọwọ́, kí ẹ fi ra ògiri. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi, títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Ọ̀dà tí a bá kùn lé gọ́ọ̀mù máa ń sán, á sì bó.

Kí ògiri gbẹ fún ọjọ́ 2, ó kéré tán. Nígbà òjò, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èébu dúdú bá wà lábẹ́ bébà, ọ̀rinrin ń wọ ògiri náà láti ibì kan. Ẹ wá ibi tó ń jò, ẹ dí i, kí ẹ tó ra ọ̀dà.