Oògùn ìrora àti oògùn ibà lẹ́yìn odi

Èròjà oògùn tí àwọn ènìyàn ń lò fún ẹ̀fọ́rí, ara ríro àti ibà kò pọ̀ láyé. Paracetamol, ibuprofen àti aspirin ló kó èyí tó pọ̀ jù. Dipyrone kún wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kọ gàdàgbà sójú páálí ni kì í dọ́gba láti ilẹ̀ kan sí èkejì, òun ló sì ń mú kí arìnrìn-àjò dúró níwájú àtẹ láìmọ èyí tí yóò mú. Orúkọ èròjà, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kékeré kọ sábẹ́ orúkọ ìtajà, àti iye mg tó tẹ̀ lé e ni apòògùn fi ń mọ oògùn tó bá ti ilé ṣe déédéé.

Orúkọ àjùmọ̀lò

Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń bójú tó orúkọ àjùmọ̀lò àwọn èròjà oògùn. Ìpinnu tó dá ètò náà sílẹ̀ wáyé ní 1950, àkójọ orúkọ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1953. Ètò yìí ló jẹ́ kí ibuprofen máa jẹ́ ibuprofène ní èdè Faransé, ibuprofeno ní èdè Potogí àti ti Sípéènì. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà; ẹni tó ń kà á ní Ìbàdàn yóò dá a mọ̀ ní Salvador ní Bràsíl.

Paracetamol ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jú pọ̀. Láti inú orúkọ kẹ́místírì rẹ̀, para-acetylaminophenol, ni wọ́n ti gé orúkọ méjì jáde: àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú paracetamol, àwọn ará Amẹ́ríkà mú acetaminophen. Kánádà, Jàpáánù àti Kọ̀lọ́ḿbíà tẹ̀ lé Amẹ́ríkà. Tylenol jáde ní Amẹ́ríkà ní 1955 gẹ́gẹ́ bí oògùn olómi fún ọmọdé, Panadol sì dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Títí di òní, ẹni tó bá ń wá Panadol ní Houston kì í sábà rí i lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ èròjà kan náà wà níwájú rẹ̀ nínú ìgò Tylenol. Tylenol tí wọ́n ń tà ní Bràsíl, paracetamol ni wọ́n kọ sí i lára. Doliprane àti Efferalgan ni ti Faransé, àwọn náà ni ẹni tó bá ré kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu yóò máa bá pàdé. Ben-u-ron ni ti Jámánì àti Pọ́túgàl.

Orúkọ ìtajà kan ṣoṣo tún lè bo èròjà oríṣiríṣi mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aspirin àti kaféènì ló wà nínú Anadin Original, paracetamol nìkan ló wà nínú Anadin Paracetamol, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pàdé nínú Anadin Extra. Tylenol PM ní oògùn oorun nínú. Lemsip àti NyQuil, tí wọ́n ń lò fún ọ̀fìnkìn, ní paracetamol nínú, nítorí náà ẹni tó bá lò wọ́n pọ̀ mọ́ Panadol ti lo paracetamol ní ìlọ́po láìfura. Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù rẹ̀ ń bà jẹ́.

Ìwọ̀n inú hóró àti inú ìgò

Ní Nàìjíríà, hóró paracetamol kan sábà máa ń jẹ́ 500 mg, yálà Panadol, Emzor tàbí M&B ni, àgbàlagbà a sì máa lo méjì lẹ́ẹ̀kan. Àṣà “méjì-méjì” yìí kò ṣe é gbé lọ síbi gbogbo. Hóró Tylenol lásán ní Amẹ́ríkà jẹ́ 325 mg, Extra Strength ló jẹ́ 500 mg. Èyí tí wọ́n ń pè ní 8 HR jẹ́ 650 mg. Ní Faransé, hóró 1000 mg wọ́pọ̀, ẹyọ kan rẹ̀ sì ti tó méjì ti ilé. Òté tí wọ́n sábà máa ń fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ni 4000 mg ní wákàtí 24.

Ti ọmọdé ló gba ìṣọ́ra jù. Oògùn olómi tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ní 120 tàbí 125 mg nínú 5 ml. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 160 mg nínú 5 ml. Calpol ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 120 mg fún ọmọ kékeré, 250 mg fún ọmọ ọdún 6 sókè. Doliprane olómi ní 24 mg nínú 1 ml, ìyẹn bá 120 mg nínú 5 ml dọ́gba, ṣùgbọ́n iye kílò ọmọ ni wọ́n kọ sára ohun tí wọ́n fi ń fà á, kì í ṣe ml. Ní Bràsíl, paracetamol oníkán-kán máa ń ní 200 mg nínú 1 ml: ìyá tó bá bu 5 ml rẹ̀ bí ó ti ń ṣe nílé ti fún ọmọ ní 1000 mg, ó tó ìlọ́po mẹ́jọ ti ilé.

Dipyrone

Novalgina, Dorflex àti Neosaldina, tí ọwọ́ ń tó láìsí ìwé dókítà ní Bràsíl, dipyrone ló wà nínú wọn. Metamizole ni orúkọ rẹ̀ mìíràn. Duralgina ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, Nolotil ní Sípéènì. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ní 1922. Ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà dín kù lójijì. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà fi mú un kúrò lọ́jà ní 1977, NAFDAC pẹ̀lú ti fòfin dè é ní Nàìjíríà. Àwọn dókítà Bràsíl ṣì gbà á gbọ́ púpọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè béèrè paracetamol. Lásìkò ibà dengue níbẹ̀, aspirin àti ibuprofen ni wọ́n ń sọ pé kí ènìyàn yẹra fún, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídà.

Alabukun àti oògùn lẹ́búlẹ́bú

Alabukun, tí Jacob Sogboyega Odulate bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, jẹ́ aspirin àti kaféènì. Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ aspirin fún nítorí ọgbẹ́ inú ikùn ń lò ó nígbà mìíràn láìmọ̀. Èyí tó jọ ọ́ jù lọ lókèèrè ni BC Powder, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Durham, North Carolina, ní 1906, tí àwọn ará apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣì ń dà sẹ́nu: aspirin 845 mg àti kaféènì 65 mg. Wọn kì í fún ọmọdé ní aspirin fún ibà, àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n lò ó.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á

Ní Amẹ́ríkà, súpámákẹ́ẹ̀tì àti ilé epo ń ta paracetamol. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òté lé e láti 1998: hóró 16 nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, 32 ní ilé oògùn. Ní Faransé, ilé oògùn nìkan ni, ẹ̀yìn káńtà ló sì ti wà láti 2020.

Ibà lẹ́yìn ìrìn-àjò

Paracetamol ń mú kí ara tutù, kò pa kòkòrò ibà ẹ̀fọn. Fún ẹni tó ti Nàìjíríà dé láìpẹ́, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta, ibà lè jẹ́ ti ẹ̀fọn, dókítà òkèèrè sì lè má rántí rẹ̀ bí aláìsàn kò bá sọ ibi tó ti ń bọ̀. Oògùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì àdúgbò nílé fún un, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.