Ta Ni Yóò Dúró Fún Un? Ibi Tí Béèlì Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí wọ́n bá ní adájọ́ ti fún ẹnìkan ní béèlì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Èló ni?" Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni "Ta ni?" Ta ni yóò dúró fún un? Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni owó wá jókòó sórí àga onídùúró, bó sì ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ náà, "béèlì", gan-an kò fi bò. Lẹ́nu àwọn Faransé àtijọ́, "baillier" ni kí a fa nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Inú èdè Látìnì ni àwọn náà ti mú un, níbi tí wọ́n ti ń pe alááru ní "bajulus". Alááru ni onídùúró, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì ni ẹrù tó wà lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni béèlì tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ ń lò lónìí ti wá, láti ìgbà tí ilé ẹ̀wọ̀n kò tíì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Hlothhere àti Eadric, àwọn ọba Kent, ṣe òfin kan láàárín ọdún 673 sí 685 pé bí ẹnìkan bá pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ láwùjọ, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá. Bó bá kọ̀, yóò san ṣílè 12 fún ọba. Owó ìtánràn ni ọ̀pọ̀ ìjìyà nígbà náà. Ẹ̀mí ènìyàn pàápàá ní iye tí wọ́n ń san fún ẹbí òkú kí wọ́n má baà gbẹ̀san. Iye tí ẹlẹ́bi yóò san náà ni onídùúró ń gbà sọ́rùn. Bí ẹlẹ́bi bá fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, onídùúró á tú àpò, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ṣe?

Àwọn Norman, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1066, ìyà sì kúrò lórí owó. Wọ́n ń yẹgi fún ènìyàn, wọ́n ń gé ẹsẹ̀, wọ́n ń yọ ojú. Èló ni onídùúró fẹ́ san dípò ọrùn ènìyàn? Èrò kan wà láyé ọjọ́un pé "ara dípò ara" ni, pé bí ẹni tó o dúró fún bá sá, ìwọ ni wọn yóò fi ìyà rẹ̀ jẹ. Nígbẹ̀yìn, owó ìtánràn ni àwọn adájọ́ ń gbà lọ́wọ́ onídùúró, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Ní 1166, Ọba Henry Kejì pàṣẹ pé kí agbègbè tí kò bá ní ilé ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ. Àwọn adájọ́ ọba ló ń gbọ́ ẹjọ́ ńlá, láti agbègbè dé agbègbè ni wọ́n sì ń rìn. Kí wọ́n tó yí kan ibìkan, oṣù á ti gorí oṣù. Àìsàn ń pa àwọn kan nínú àhámọ́, àwọn mìíràn ń fọ́ ọgbà jáde. Ọwọ́ ṣẹ́ríìfù, aṣojú ọba ní agbègbè, ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló sì ń pinnu ẹni tó máa lọ sílé. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní Westminster ní 1275, lábẹ́ Ọba Edward Kìíní, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: àwọn ṣẹ́ríìfù ń tú ẹni tí kò yẹ ní títú sílẹ̀, wọ́n ń há ẹni tó yẹ kó máa lọ mọ́lé, kí wọ́n lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni kan kí wọ́n sì ni ẹnìkejì lára. Ẹni tó bá kà á lónìí á rò pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Òfin yìí ló wá to ẹ̀sùn tó gba béèlì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò gbà á. Ẹni tó dáná sunlé, ẹni tó ń rọ owó ayédèrú, olè tí wọ́n ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́, kò sí béèlì fún wọn lọ́dọ̀ ṣẹ́ríìfù. Ẹni tí ẹ̀sùn olè tirẹ̀ kò ju pẹ́nì 12 lọ lè mú onídùúró wá.

Ẹ má rò pé onídùúró ìgbà náà kàn ń fọwọ́ síwèé lásán. Lójú òfin, wọ́dà ni, wọ́dà tí ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ yàn. Ó lè gbá ẹni rẹ̀ mú nígbàkígbà, ọjọ́ ìsinmi pàápàá, kí ó sì wọ́ ọ padà wá fún ìjọba. Ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan sọ ọ́ lọ́nà tó dùn mọ́ mi nínú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún: onídùúró ti so ẹni rẹ̀ mókùn, ìgbà tó bá wù ú ló lè fa okùn náà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà tún ọ̀rọ̀ yìí sọ ní 1872, ara ohun tí àwọn tó ń dọdẹ asábéèlì níbẹ̀ gbójú lé nìyẹn.

Èyí tó kàn, ọwọ́ ọba fúnra rẹ̀ ni. Ní 1627, Charles Kìíní ń wá owó ogun, ó sì ní dandan ni kí àwọn olówó yá òun. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú márùn-ún kọ̀, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Nígbà tí wọ́n bèèrè béèlì, èsì tí wọ́n gbé wá sílé-ẹjọ́ ni pé àṣẹ pàtàkì ọba ló fi wọ́n síbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹ̀sùn kankan. Bí kò bá sí ẹ̀sùn, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó gba béèlì? Àwọn adájọ́ dá wọn padà sátìmọ́lé. Lọ́dún kejì, ìgbìmọ̀ aṣòfin mú kí ọba gbà nínú ìwé pé òun ò ní fi ènìyàn sẹ́wọ̀n láìsọ ìdí.

Àwọn ènìyàn ọba wá ọ̀nà míì. Ní oṣù kẹfà 1676, oníṣòwò aṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Francis Jenkes, dìde sọ̀rọ̀ ní Guildhall, gbọ̀ngàn ìlú náà, pé kí wọ́n bẹ ọba kó pe ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun. Wọ́n gbé e. Ó bèèrè béèlì, wọ́n ní ilé-ẹjọ́ wà ní ìsinmi. Oṣù mélòó kan ló lò níbẹ̀. Òfin 1679 wá fi gbèdéke sí i: bí ibi tí wọ́n há ẹlẹ́jọ́ mọ́ kò bá ju máìlì 20 lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́dà ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Kí ni àwọn adájọ́ ṣe? Wọ́n ń fún ènìyàn ní béèlì, wọ́n wá ń pe iye tí apá ẹnikẹ́ni kò lè ká. Ìdí nìyẹn tí òfin ẹ̀tọ́ ọdún 1689 fi ní kí wọ́n má bèèrè béèlì tó pọ̀ kọjá ààlà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni Amẹ́ríkà kọ sínú òfin tirẹ̀ ní 1791.

Amẹ́ríkà tóbi, àwọn ènìyàn ń ṣí kiri. Ta lo mọ̀ tí yóò dúró fún ọ níbi tó o dé ní oṣù tó kọjá? Ní San Francisco, àwọn ọmọ McDonough ní ilé ọtí kan ní òpópónà Kearny, nítòsí ilé-ẹjọ́. Àwọn lọ́yà ń mutí níbẹ̀, àwọn onílé ọtí sì ń bá wọn dúró fún oníbàárà wọn láti fi ṣe oore. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé àwọn lọ́yà ń gbowó oore náà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn. Ọdún 1898 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ òwò béèlì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílùú náà ní 1937 pe iléeṣẹ́ wọn ní orísun ìwà ìbàjẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní 1910, ilé-ẹjọ́ wọn sọ pé ẹni tó bá bá onídùúró ṣàdéhùn pé òun yóò dá owó rẹ̀ padà bí òun bá sá, ọ̀daràn ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Onídùúró tí kò ní pàdánù kọ́bọ̀, kí ló fẹ́ ṣọ́?

Ibi tí owó ti gbilẹ̀ jù náà ni wọ́n ti padà sí ìbéèrè àtijọ́. Ní New York, ní 1961, iléeṣẹ́ Vera, tó ń wá àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ béèlì, rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ibo lò ń gbé? Ó ti pẹ́ tó? Ta lẹ jọ ń gbé? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Bí ìdáhùn bá dára, wọ́n á ní kí adájọ́ jẹ́ kó máa lọ láìgba kọ́bọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, àwọn tí kò padà wá jẹ́jọ́ kò tó méjì. Nígbà tí Johnson, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ń buwọ́ lu òfin béèlì tuntun ní 1966, ó mẹ́nu ba ọkùnrin kan tí kò rí dọ́là 300 san. Ó lo ọjọ́ 54 látìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìrìnnà ojú pópó. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi pàápàá, ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mọ.

Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Illinois di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó mú owó kúrò nínú béèlì pátápátá. Adájọ́ ibẹ̀ lè ní kí ẹlẹ́jọ́ máa lọ sílé, ó lè ní kó dúró sátìmọ́lé, ṣùgbọ́n kò lè pe iye kankan.