Gemini 8

Gemini 8 ni ọkọ̀ òfurufú NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gbéra ní Cape Kennedy, ìpínlẹ̀ Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1966. Èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀, Neil Armstrong tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ àti David Scott tó jẹ́ páílọ́ọ̀tì, kò sì sẹ́ni tó ti dé òfurufú rí nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni pé kí wọ́n lọ bá Agena, ọkọ̀ kan tí ò ní èèyàn nínú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas ti gbé lọ ṣáájú wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n so tiwọn mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é rí, bẹ́ẹ̀ ètò Apollo tó fẹ́ gbé èèyàn lọ sósùpá ò lè rìn láìsí i.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 6 ààbọ̀, wọ́n so ó, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́.

Kò tó 30 ìṣẹ́jú tí wàhálà fi dé. Ilẹ̀ ti ṣú níbi tí wọ́n wà, mítà iwájú Scott ló fi hàn wọ́n pé ọkọ̀ ti ń yí. Àwọn tó wà nílẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn pé tí Agena bá ń ṣe ségesège kí wọ́n pa á, ìyẹn ni wọ́n ṣe fura sí i, wọ́n pa á, ọkọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Armstrong wá rí i pé epo tí Gemini fi ń darí ara ẹ̀ ti wálẹ̀ sí 30%, àṣé ọkọ̀ tiwọn gan-an ló ń fa gbogbo ẹ̀. Wọ́n já Agena sílẹ̀ kó má baà dá mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n ṣe ló tún le sí i torí ẹrù ti fúyẹ́, ọkọ̀ wá ń yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dákú. Armstrong pa gbogbo ẹ́ńjìnì kéékèèké tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, ó wá tan àwọn tó wà nímú ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi pa mọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá ń padà wálé, ó sì lò tó 75% nínú epo ẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ìgbà tó wá ń tan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan ló rí i pé ẹ́ńjìnì nọ́ńbà 8 ló ń dààmú wọn.

Òfin NASA ni pé tí wọ́n bá ti lo epo ìpadàbọ̀ yẹn, ilé yá nìyẹn. Bí ìrìn tí Scott fẹ́ rìn níta ọkọ̀ ṣe bọ́ nìyẹn, ìrìn àjò ọjọ́ 3 parí sí wákàtí 10 ó lé díẹ̀. Inú òkun Pàsífíìkì, ní ìlà-oòrùn Okinawa, ni wọ́n já sí, ọkọ̀ ogun USS Leonard F. Mason ló lọ gbé wọn. Wáyà iná ni wọ́n gbà pé ó kanra, tó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnì yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé ẹnì kankan tẹ̀ ẹ́, NASA sì tún wáyà ọ̀hún ṣe fáwọn Gemini tó tẹ̀lé e.

Ohun kan wà tó yẹ ká yin Scott fún. Pẹ̀lú gbogbo rúkèrúdò yẹn, kó tó já Agena sílẹ̀, ó rántí dá ìdarí ẹ̀ padà fáwọn tó wà nílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe rí i darí lẹ́yìn ìgbà náà. Ní oṣù keje ọdún 1966, Gemini 10 lọ bá Agena yìí kan náà, Michael Collins bọ́ síta, ó sì yọ àpótí ìwádìí tí wọ́n fi ń gba eruku òfurufú kúrò lára ẹ̀.