Bí àwòrán inú kíláàsì ṣe ń di síńgílẹ́ẹ̀tì àti abẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje háúsì

Ní Ọ̀yọ́, bí sáà kejì bá ti wọra díẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ march past lórí pápá. Wọ́n á ti pín wọn sí háúsì: pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Eré ìje àti ife ẹ̀yẹ ni èrò máa ń rántí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Iṣẹ́ tó ti lọ ṣáájú nínú kíláàsì Basic Technology, èyí tí àwọn àgbà tíṣà ṣì ń pè ní Intro Tech, kì í hàn sí wọn: ta ló ya àmì háúsì, kí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, èló ló ná wọn, kí ló dé tí íńkì náà kò ṣí nígbà tí wọ́n fọ aṣọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń ṣì í ni pé orí àwòrán ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ya kìnnìún tó la ẹnu, iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ háúsì á yí i ká, àwọ̀ mẹ́fà lápapọ̀. Ó rẹwà lórí bébà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, ìyẹn á kàn wò ó, á ní, "Ẹ lọ tún èyí yà wá o." Ibi tí nǹkan náà ń lọ ló yẹ kí wọ́n ti mú un: ta ló máa lò ó, báwo ni ẹni tó máa wò ó ṣe jìnnà tó, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà ṣe é. Bí wọ́n bá ti dáhùn mẹ́ta yìí, kìnnìún á pàdánù iná rẹ̀, àwọ̀ mẹ́fà á di ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú síńgílẹ́ẹ̀tì àwọn sárésáré. Àwọn tó ń kọ pátákó ojú títì ní ìṣirò kan tó rọrùn: lẹ́tà tó ga ní íǹṣì 1 máa ń ṣeé kà dáadáa láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ká ní òbí kan jókòó sábẹ́ kánópì, tí ojú ọ̀nà ìsáré sì jìn sí i ní mítà 20. Ìyẹn lé ní ẹsẹ̀ bàtà 65. Kó tó lè kà á láì fún ojú pọ̀, lẹ́tà náà ní láti ga tó íǹṣì 6 àbọ̀. Mélòó lẹ́tà tó tóbi báyẹn ni ẹ̀yìn ọmọ ọdún 12 gbà? Bóyá méjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló yẹ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ háúsì àti àmì rẹ̀ wà láyà, níbi tí ẹni tó sún mọ́ ọn tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò á ti rí i. Èrò tó wà lókèèrè kò nílò orúkọ, àwọ̀ aṣọ ti sọ ọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni yíyà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ya bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kéékèèké, kò gbọ́dọ̀ lo rúlà, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí èyíkéyìí. Kíláàsì á mú ọ̀kan. Èyí tí wọ́n mú ni wọ́n máa gbé sórí pátákó ìyàwòrán pẹ̀lú T-square, pẹ́ńsù 2H fún ìlà ìdíwọ̀n, HB fún ìlà tó máa dúró. Bébà A4, tó jẹ́ mìlímítà 210 ní ìbú àti 297 ní gígùn, tó láti ya àmì àyà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Ìwọ̀n gidi yìí ṣe pàtàkì. Ọmọ tó bá ya á kékeré, tó ní wọ́n á fẹ̀ ẹ́ tó bá yá, kì í mọ ìlà tó máa pa pọ̀ mọ́ra títí á fi pẹ́ jù.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti tẹ nǹkan sára aṣọ ní ìlú wa ni skríìnì, ó sì ṣeé ṣe nínú wọ́kìṣọ́ọ̀bù ilé ẹ̀kọ́. Igi mẹ́rin ni wọ́n máa ń kàn pọ̀ di férémù, wọ́n á na aṣọ ọ́gáńsà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí íńkì lè gba ojú rẹ̀ kọjá, lé e, wọ́n á gbá a mọ́ igi yíká. Ó gbọ́dọ̀ le. Ẹni tó bá ti ran onílù lọ́wọ́ rí láti fa awọ á mọ bó ṣe yẹ kó rí: bí wọ́n bá fi ìka ta á, kó dún. Tó bá dẹ̀, àwòrán á máa sún kiri bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Inú òkùnkùn, tàbí yàrá tí wọ́n ti fa kọ́tìnnì rẹ̀, ni wọ́n ti máa ń fi emulsion pa ọ́gáńsà náà. Omi ki kan ni, bíi ògì tó ki díẹ̀. Oògùn kan ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn tó ń jẹ́ kó mọ ìmọ́lẹ̀ lára. Wọ́n á fi nǹkan pẹlẹbẹ fà á kó fẹ́lẹ́, wọ́n á fi fáànù gbẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ní òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àwòrán lé e, èyí tí wọ́n ti yà ní dúdú kirikiri sórí bébà tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Ibi tí kò bá sí bébà bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń fi òróró ẹ̀pà pa ẹ̀yìn bébà lásán, kó lè mọ́ gaara. Wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé e sínú oòrùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Níbi tí ẹ̀kọ láfún bá bò lára àdìrẹ, aró kò ní wọ ibẹ̀. Nínú skríìnì, níbi tí oòrùn bá ti kan emulsion, á le, íńkì kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí dúdú àwòrán bá ti dí oòrùn, emulsion á rọ̀ síbẹ̀, omi á fọ̀ ọ́ lọ, ojú ọ́gáńsà á ṣí. Ibi tó ṣí yẹn ni àwòrán. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, ìlà tín-ín-rín á le pa pọ̀, kò ní ṣí mọ́. Bó bá kéré jù, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ bí omi ọṣẹ. Nítorí náà ni tíṣà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ dán an wò: á fi páálí bo skríìnì kékeré kan, á máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á wá fọ̀ ọ́ kó rí ìṣẹ́jú tó dára jù. Oòrùn oṣù kẹta ní Ọ̀yọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìgbà ọyẹ́, ìdánwò tí wọ́n ṣe ní January kò wúlò mọ́ nígbà náà.

Ibí yìí ni èèyàn ti máa mọ ìdí tí kìnnìún fi pàdánù iná. Skríìnì kan, àwọ̀ kan. Àwọ̀ mẹ́ta túmọ̀ sí skríìnì mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì bọ́ sójú kan náà lára aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní háúsì mẹ́rin ni, sárésáré 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣọ 100 nìyẹn. Pẹ̀lú àwọ̀ kan, ọwọ́ á fa íńkì ní ìgbà 100. Pẹ̀lú mẹ́ta, ìgbà 300, àṣìṣe sì lè wọ inú èyíkéyìí. Ìlà tó tín-ín-rín bí irun kì í tiẹ̀ jáde lára ọ́gáńsà. Igun tó mú, lẹ́tà tó ki, àyè tó tó láàárín ìlà àti ìlà, àwọn ló ń pẹ́.

Àwọ̀ íńkì tún ní wàhálà tirẹ̀, èyí tó máa ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i. Háúsì yẹ́lò fẹ́ kí wọ́n fi búlúù kọ orúkọ sáyà. Íńkì búlúù tí kò ki bọ́ sórí yẹ́lò, ó gbẹ, ó di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ háúsì ọ̀tá gan-an! Dúdú ló bá yẹ́lò mu. Lára pupa àti búlúù, funfun tó ki ni. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dúró lára aṣọ.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò gbé e lọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ fọ́tò sára aṣọ. Ó ṣeé ṣe, àwọ̀ mẹ́fà kò sì ní dà á láàmú. Ṣùgbọ́n aṣọ polyester tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ló bá irú íńkì yẹn lò. Lára aṣọ òwú, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, á ṣí lọ. Lára aṣọ pupa, kò ní hàn rárá.

Fún èrò tó wá wòran, mo rò pé abẹ̀bẹ̀ ló borí gbogbo ẹ̀bùn yòókù. Kọ́ọ̀pù máa ń fọ́, pẹ́ńsù kì í tó pín, ṣùgbọ́n ní agogo 1 ọ̀sán nínú oṣù kẹta, kò sí ẹni tí wọ́n na abẹ̀bẹ̀ sí tí kò ní gbà á. Páálí tó le ni, tí wọ́n gé róbótó, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ há láàárín. Iwájú jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹni tó bá ran wọn lọ́wọ́ lówó, bíi oníbúrẹ́dì tàbí oníléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá. Tí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ètò eré ọjọ́ náà ló dáa níbẹ̀, kí ìyá lè mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ máa sáré.

Ẹ̀bùn tó tún bá Ọ̀yọ́ mu ni igbá fínfín. Àwọn tó ń fín igbá níbẹ̀ ti ń ṣe ohun tí skríìnì ń kọ́ àwọn ọmọ: ọ̀bẹ ń ṣí ojú igbá níbì kan, ó ń fi ibòmíràn sílẹ̀, àwòrán sì jáde láàárín méjèèjì. Àmì tí wọ́n yà ní àwọ̀ kan, láìsí ìlà tín-ín-rín, lè lọ tààrà lọ́wọ́ àwọn afínigbá kó di ẹ̀bùn háúsì tó bá gba ipò kìíní. Ti kìnnìún oníná kò lè lọ.

Ohun kan tí àwọn tó ti ṣe é rí máa ń ṣọ́ ni ọdún. Wọn kì í kọ ọ́ sórí skríìnì ńlá. Skríìnì kékeré ni wọ́n máa ń ṣe fún un, fún nọ́ńbà ọdún nìkan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ àmì. Bí aṣọ bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fi pa mọ́ láìtíì tẹ ọdún sí i. Skríìnì ńlá ni wọ́n á fọ íńkì kúrò lára rẹ̀ ní wàràwàrà kí ó tó gbẹ, wọ́n á gbé e kọ́ sínú wọ́kìṣọ́ọ̀bù, kí háúsì náà tún lò ó ní sáà kejì ọdún tó ń bọ̀.