Ẹni tó ń gbénú ilé ni kẹ́ ẹ gbé owó àtúnṣe fún

Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ àti páìpù ni mò ń ṣe, ẹ̀sùn kan tí mo sì ń gbọ́ ṣáá ni pé àwọn ayálégbé ló ń ba ilé jẹ́. Ní Ọsirélíà, ẹ̀sùn yìí ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, lẹ́nu mọ́ tipẹ́, tí ilé bá ti ń jò, tí ṣáwà ò ṣiṣẹ́, wọ́n á ní wọn ò mọ ilé lò ni. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ wo àwọn Anangu, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ń gbé, láàárín gbùngbùn Ọsirélíà. Ọdún 1981 ni òfin ìpínlẹ̀ South Australia dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn, ilẹ̀ ọ̀hún sì tóbi ju ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà pa pọ̀. Ní 1983 wọ́n dá àjọ ìlera tiwọn sílẹ̀, Nganampa Health Council, àwọn fúnra wọn ló ń darí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ á gba ìtọ́jú lónìí, tó bá tó ọjọ́ mélòó kan wọ́n tún ti gbé e dé, ojú ń ṣepin, ara kún fún egbò. Ìgbà tó di 1985, Yami Lester tó ń darí àjọ náà, tí òun fúnra ẹ̀ fọ́jú, pe dókítà kan, ayàwòrán ilé kan àti òṣìṣẹ́ ìlera àyíká kan, ó ní kí wọ́n wá bí àwọn èèyàn ò ṣe ní máa ṣàìsàn mọ́.

Inú ilé ni wọ́n gbà lọ o. Wọ́n béèrè pé ṣé ẹ ríbi wẹ ọmọ kékeré? Ṣé ẹ ríbi fọṣọ àti aṣọ ìbora? Ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń jáde lọ? Nǹkan mẹ́sàn-án ni wọ́n tò, wíwẹ̀ ló ṣáájú. Nígbà tó yá tí iṣẹ́ yìí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé káàkiri Ọsirélíà, wọ́n rí i pé nínú ilé mẹ́ta, bí ọ̀kan péré ni ṣáwà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Òfin wọn kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé onílé wá kọ nǹkan sínú ìwé kó sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Tòun ti sípánà ni wọ́n ń wọlé, àtúnṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ọmọ ìlú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa yẹ iná àti omi wò.

Nígbà tí wọ́n wá ṣírò ohun tó ń ba ilé jẹ́, nǹkan bí 70 nínú 100 jẹ́ àìtọ́jú lásìkò, èyí tó kù, iṣẹ́ àwọn tó kọ́lé láìdáa ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí táwọn ayálégbé bà jẹ́ ò tó 10. Ó yé mi dáadáa. Omi abẹ́ ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ le, nǹkan funfun bí ẹfun á máa dì mọ́ inú táàpù, á jẹ rọ́bà wáṣà, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń dí omi nínú táàpù, ẹ ti táàpù pa títí kò ní kú, omi á máa ro tó, tó, tó, á kún inú sókàwéè títí á fi ru sókè sínú ilé. Rọ́bà tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló fà á o!

Ní ìpínlẹ̀ New South Wales tí gọ́mẹ́ńtì ti lo ọ̀nà yìí fọ́dún mẹ́wàá, àrùn tó ń ràn tó ń gbé èèyàn dé ọsibítù fi 40 nínú 100 dín láàárín àwọn tí wọ́n tún ilé wọn ṣe sí tàwọn ọmọ onílẹ̀ ìgbèríko tí wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀. Ní Santa Teresa, ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ kan nítòsí Alice Springs láàárín Ọsirélíà, gọ́mẹ́ńtì Northern Territory ni láńlọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2016 àwọn tó ń gbé ilé 70 gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún títí. Ìyá àgbà kan gbé ohun tó lé lọ́dún márùn-ún nílé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo! Ó di 2023 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ọsirélíà tó dá a pé owó gbà-má-bínú tọ́ sí i nítorí ìbànújẹ́ tó bá a. Káfíńtà tó wà nílùú kan náà, tó sì láṣẹ láti ra pákó, iṣẹ́ ọ̀sán kan nìyẹn.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́lé fún irú ìlú báyìí, ẹ béèrè ẹni tó máa fọwọ́ síwèé owó àtúnṣe, ibi tó ń gbé, àti ibi tí wọ́n ń kó sípéà páàtì sí. Ìmọ̀ràn temi ni pé kí ìgbìmọ̀ ìlú fúnra wọn yan oríṣi táàpù kan ṣoṣo fún gbogbo ilé, kí wáṣà tó wà ní sítọ̀ lè bá ilé gbogbo mu.